Kọ́kọ́rọ́ Kejì Wọ́dúróòbù Hameedah

Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ fọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Hameedah ní 4th Avenue, Festac, ẹ ò ní í rí nǹkan kan ṣàròyé lé lórí. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ló wà lórí háńgà, kọ́là wọn á kọjú síbì kan náà bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà láàárọ̀. Gbogbo agbádá ló ti di kíká, ọ̀rá á wà lára rẹ̀, páálí pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń pariwo pé aṣọ òun ti sọnù, Hameedah kì í bá a jiyàn. Á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, á fa aṣọ náà yọ, á sì gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín tó ń dun ni ju èébú lọ.

Obìnrin yìí kan náà, ẹ wò ó o, inú báàgì Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni aṣọ tirẹ̀ ń gbé. Ó lé ní ogún ọdún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ ilé Yísà ọkọ rẹ̀ ní Abúlé Adó, kò ní ilẹ̀kùn kan tó lè tì, kó sì sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tòun ni.

Kì í ṣe pé kò sí wọ́dúróòbù nínú yàrá wọn. Ó wà. Bàbá Yísà ló ni ín kó tó kú. Ó tóbi bí ọkọ̀ akẹ́rù, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti jábọ́, èkejì kì í pa dé. Agbádá Yísà ló gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí: ẹní àlejò, kẹ́tù àlùwàlá tí wọ́n ń kó jáde nígbà ààwẹ̀, fáànù tí kò ní abẹ̀bẹ̀ mọ́, àti pátákó kan tí wọ́n kọ "Ilẹ̀ Yìí Kì Í Ṣe Títà" sí, tí kò sẹ́ni tó rántí ilẹ̀ tó ń wí mọ́.

Ilé mọ̀lẹ́bí ni, ilé onílẹ̀, ẹnu ọ̀nà kì í tì. Ẹni tó bá fẹ́ ìborùn á wọlé, á mú ìborùn. Ẹni tó bá fẹ́ bàtà á bẹ̀rẹ̀, á yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Wọn ò jalè o! Aṣọ ìyàwó wọn ni. Hameedah náà kì í sì í ṣe ahun, òun náà ti wọ aṣọ tiwọn rí. Ohun tó ń ká a lára ni pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wá sú u pátápátá, ṣọ́ọ̀bù ló wà. Àǹtí Ṣẹ̀fíátù, ẹ̀gbọ́n Yísà obìnrin, ló wọlé wá tòun ti ọ̀rá dúdú kan lábíyá.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi." Hameedah kúnlẹ̀ lẹ́yìn káńtà, débi pé oníbàárà tó ń wọlé bọ̀ rò pé kò sẹ́nì kankan nídìí ọjà, ó sì yí padà.

"Bá mi fọ èyí. Ọbẹ̀ ta sí i díẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mile 2. Rọra fọ̀ ọ́ o, ojúlówó aṣọ ni."

Hameedah tú u. Ìró àti bùbá àdìrẹ aláró ni, èyí tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tí Hameedah fi pamọ́ de ọjọ́ tí Láídé, ọmọ rẹ̀ àgbà, máa jáde ní yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Abẹ́rẹ́ tí télọ̀ fi há ọrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láyà bùbá náà ni àbàwọ́n epo wà, ó rí róbótó bí òṣùpá.

"Àǹtí mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, "aṣọ yìí mà jọ èyí tí mo..."

"Tìẹ náà kúkú ni," Àǹtí Ṣẹ̀fíátù dá a lóhùn, ó ń fi ìborùn fẹ́ ara rẹ̀. "Àbí o fẹ́ gba owó ìfọṣọ lọ́wọ́ mi lórí aṣọ ara rẹ ni?"

Hameedah so nọ́ńbà mọ́ ọn.

Nígbà tó délé, Yísà ń jẹun. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mì.

"Bàbá Láídé, wọ́dúróòbù ni mo fẹ́. Tèmi. Owó ṣọ́ọ̀bù ni mo máa fi ṣe é. Kó ṣáà ti ní kọ́kọ́rọ́."

Yísà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn àlàáfíà ju òtítọ́ lọ ni. "Ó dáa," ó ní. "Hafeez á kàn án."

"Òun kẹ̀?" Hameedah ní.

"Káfíńtà wà nílé, ká wá máa gbé iṣẹ́ fún ará ìta? Kí ni wọ́n máa wí?"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Hafeez ni àbíkẹ́yìn bàbá Yísà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Hameedah, ọmọ ọdún méje ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, kò gbọdọ̀ gbójú sókè sí i, bó bá sì fẹ́ kí i, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Bí gbogbo ìyàwó ṣe máa ń ṣe, Hameedah wá orúkọ àpọ́nlé fún un: Eyínfúnjowó. Lọ́jọ́ yẹn, eyín iwájú méjèèjì kò sí lẹ́nu ọmọ náà! Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Hafeez nìkan, tó gbà pé wọ́n ń yin òun. Ó ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Hameedah ló ń bomi ìwẹ̀ fún ọkọ yìí, òun ló ń fọ ṣòkòtò iléèwé rẹ̀, òun ló ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nísinsìnyí, ọkọ ti hu irùngbọ̀n, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Nítorí pé Hameedah dàgbà jù ú lọ, Hafeez máa ń sọ pé "ẹ" fún un. Nítorí pé òun ni ọkọ, Hameedah náà ń sọ pé "ẹ" fún un. Bí wọ́n bá ń jà, ńṣe ló dà bí àwọn aṣojú ìjọba méjì tó ń bẹ ara wọn wò.

Kí Hafeez tó dé, Hameedah ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Kò ní í sí lára ògiri ojú fèrèsé, nítorí òjò máa ń gba ibẹ̀ wọlé. Kò ní í sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lápá òsì, ibẹ̀ ló dáa. Ó máa ní ẹsẹ̀ gíga, kí omi tó bá ya wọlé lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Pákó gidi ni, kì í ṣe bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe, tó máa wú bí búrẹ́dì bó bá ti mu omi. Pẹpẹ gbọọrọ fún ìró, dúrọ́ọ̀ kan fún gèlè, àyè kékeré fún aṣọ tó ń gbé orí háńgà. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì ya gbogbo rẹ̀ sára ògiri, kó má bàa sí àríyànjiyàn.

Hafeez wọlé, ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́ báyìí.

"Ìyàwó wa, ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣeré nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wo èyí." Ó na fóònù sí i. Wọ́dúróòbù funfun kan ló wà níbẹ̀, dígí láti òkè délẹ̀, iná ń tàn nínú rẹ̀, kìkì háńgà ló kún inú rẹ̀.

"Ó mà rẹwà o, Eyínfúnjowó. Ibo wá ni ìró máa wà?"

"Ẹ gbé e kọ́ háńgà."

"Ìró? Lórí háńgà?"

"Ayé ti lajú, Ìyàwó wa."

Hameedah fa èémí. Ẹni tó ń fi aṣọ jẹun! Ó ṣàlàyé pé ìró kì í gbé orí háńgà, pé bí èèyàn bá kọ́ ọ, á yọ̀ ṣọ́ọ́rọ́ sílẹ̀ bí alángbá. Pé òfì wúwo, á tẹ háńgà kọdọrọ. Pé kíká ni, pẹpẹ ló fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, iṣẹ́ mi nìyí.

"Mo gbọ́," Hafeez ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni káfíńtà."

Ó la apá rẹ̀ méjèèjì sára ògiri. "Apá mi kan àti ààbọ̀."

"Mo ní téèpù, ọkọ mi."

"Ojú mi ti wọ̀n ọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀."

Àǹtí Ṣẹ̀fíátù ti wọlé lákòókò yìí, ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Hafeez, fi àyè sílẹ̀ fún kẹ́tù o. Ti Bàbá yẹn ti fẹ́ wó."

"Àti pátákó ilẹ̀," Yísà ké láti pálọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pè é.

Hameedah rẹ́rìn-ín. Páárì rẹ̀ ń ro ó. Ó rẹ́rìn-ín títí tí gbogbo wọn fi jáde, lẹ́yìn náà ló gbé ìrọ̀rí, ó fi bo ẹnu, ó sì pariwo sínú rẹ̀.

Ó fi ẹjọ́ sun Yísà. "Ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọkọ rẹ!" Yísà rẹ́rìn-ín débi tí omi tó ń mu fi gba ọ̀nà òdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Hameedah kò gbá a lẹ́yìn.

Ohun tó wu Hafeez ló kàn. Nígbà tí Hafeez gbé wọ́dúróòbù náà dé tó sì tò ó tán, kò sí dígí, kò sí iná, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tó àwọn ìyẹn. Kò sí pẹpẹ kankan pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Hameedah fà á, ó ṣí díẹ̀, gbòà, ó gbá bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ nìkan ló lè gba àlàfo náà wọlé, bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò.

"Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì," Hafeez ní.

Wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì. Wọ́dúróòbù ṣí. Ilẹ̀kùn yàrá kò ṣí tán mọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń wọ yàrá náà, Yísà tó níkùn á sì fa ikùn rẹ̀ mọ́ra, á máa mí fìn-ín fìn-ín bí ẹni tó ń wọdò. Inú Hameedah dùn sí ìyẹn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó rí i pé bó bá gbára lé ìbínú, á kú sínú Ghana-must-go. Ó gbé oúnjẹ lọ bá Hafeez ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú pákó.

"Eyínfúnjowó, mo rántí nǹkan kan tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní bí ilẹ̀kùn bá tóóró, tó jẹ́ mẹ́rin dípò méjì, kò ní í gbá bẹ́ẹ̀dì."

Hafeez dá jíjẹ dúró. "Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́ o. Ẹ tún ní pẹpẹ ló máa jẹ́ kí pákó náà le, kó má tẹ̀."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń rò!" Hafeez ní, ó sì bu òkèlè mìíràn.

Báyìí ni wọ́dúróòbù ṣe ní pẹpẹ, dúrọ́ọ̀ àti ilẹ̀kùn tóóró mẹ́rin. Ó wá ku kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn, Hameedah kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí Mile 2 fúnra rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn akẹ́rù àti àwọn tó ń ta gbogbo nǹkan tí ayé ń tà, títí ó fi rí àgádágodo aláwọ̀ idẹ kan tó wúwo lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lára rẹ̀, wọ́n fi okùn pupa so wọ́n pọ̀. Gbogbo ọ̀nà, inú àpamọ́wọ́ ló ti ń fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kejì, nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, Hafeez kan irin àgádágodo náà mọ́ ọn. Nígbà tó dé, ọkọ rẹ̀ kékeré na kọ́kọ́rọ́ kan sí i. Ẹyọ kan.

"Ọkọ mi, èkejì ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ Àǹtí Ṣẹ̀fíátù. Kọ́kọ́rọ́ ilé nìyẹn. Bí tọwọ́ yín bá wá sọnù ńkọ́?"

Hameedah jókòó sílẹ̀, sórí símẹ́ǹtì lásán. Hafeez rò pé ìdùnnú ni, ó ní, "Ẹ má dúpẹ́, iṣẹ́ mi ni."

Ọjọ́ kẹta, ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó ṣí wọ́dúróòbù rẹ̀. Kẹ́tù àlùwàlá tò sórí pẹpẹ ìró. Inú dúrọ́ọ̀ gèlè, pátákó "Ilẹ̀ Yìí Kì Í Ṣe Títà" wà níbẹ̀, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí bí ẹni pé wọ́n torí rẹ̀ kan dúrọ́ọ̀ ọ̀hún ni. Ìborùn rẹ̀ kan ti lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti tì í padà dáadáa, wọ́n ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Hameedah dúró níwájú rẹ̀, ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ jáde. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń wá ilẹ̀kùn; ó rí ilẹ̀kùn tán, ilé bá a wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Hafeez mú Dammy wá. Dammy ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Òun ni ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn wà ní 7th Avenue. Hafeez fẹ́ kó rí wọ́dúróòbù náà, nítorí irú rẹ̀ ló fẹ́ kàn sí yàrá tiwọn.

Dammy wọ yàrá, ó rí Hameedah, ó sì kúnlẹ̀ gbàá. "Ẹ káàsán mà."

Hameedah ti fẹ́ sọ pé dìde, dìde, nígbà tí nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Hafeez ni ọkọ òun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀yìn òun ló ń wọlé. Òun ni ìyálé rẹ̀. Àṣà tó ti ń tẹ òun lórí mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ojú kejì rẹ̀ nìyí, ó kúnlẹ̀ síwájú òun pẹ̀lú wíìgì gígùn.

"Dìde, olólùfẹ́ ọkọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ wa."

Ó ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fún un. Ó yin pákó, ó yin pẹpẹ, ó yin Eyínfúnjowó títí tí Hafeez fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí àkùkọ.

"Hafeez, ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?" Dammy ní. Hameedah, tí kò pe orúkọ yẹn sókè rí láti ogún ọdún ó lé, rò ó pé, áà, ó mà rọrùn báyìí? "Kí wá ni kẹ́tù ń wá níbí?"

"Áà, ti ilé ni," Hameedah ní. "Bá a ṣe máa ń ṣe níbí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Àǹtí wa. Bí wọ́n bá nílò ìborùn, tàbí bàtà, tàbí ohun tí èèyàn ń fi sórí, wọ́n á kàn ṣí i, wọ́n á mú un. Kò ní wàhálà rárá."

Dammy fọwọ́ kan wíìgì rẹ̀. "Ohun tí èèyàn ń fi sórí?"

"Ohun gbogbo. Má mikàn, bó o bá ti dé, èmi náà á fi bí o ṣe máa tò ó hàn ọ́. Pátákó ilẹ̀ yẹn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa gbé e sọ́dọ̀ rẹ."

"Hafeez," Dammy ní, ó rọra sọ ọ́. "Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ kejì wọ́dúróòbù tiwa?"

"Ìyẹn... a ó jọ..."

"Kí n lọ síbi iṣẹ́, kí n máa pàdé wíìgì mi ní Festac lórí ẹlòmíràn?"

"Dammy, dákẹ́, wọ́n á gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ méjì, a ní láti jọ sọ̀rọ̀ ká tó débi ìgbéyàwó." Ó yí sí Hameedah, ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú mà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí."

"Mi ò bínú, ọ̀wọ́n mi," Hameedah ní, ó ń nu kẹ́tù kan tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí Dammy lọ, Hafeez padà wá, ojú rẹ̀ ti fà ro. "Ìyàwó wa, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Kí ni mo ṣe, ọkọ mi? Àṣà ilé yín ni mo fi kọ́ ìyàwó yín." Ó kúnlẹ̀ sí i pẹ̀lú.

Hafeez kọjá sí yàrá Àǹtí Ṣẹ̀fíátù. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ohùn Àǹtí.

"Ìyàwó wo ló fẹ́ máa pàṣẹ fún mi nínú ilé bàbá mi?"

Hafeez sọ nǹkan kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"O ò ní í gbé e níyàwó mọ́ kẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́? Lẹ́yìn tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún gbogbo Amuwo pé o fẹ́ ṣe ìyàwó? Hafeez! Ṣé o fẹ́ kí n kú láìgbé ọmọ rẹ jó?"

Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ kan, tòun ti okùn pupa rẹ̀, balẹ̀ sórí símẹ́ǹtì àgbàlá, kẹ̀ǹ. Wọn ò gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n jù ú ni. Hameedah mú un, ó nù ún, ó sì kó àwọn kẹ́tù àti pátákó lọ sí yàrá Hafeez, kí ìyàwó tuntun lè bá wọn níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan kọjá. Lọ́jọ́ kan, Hameedah ń ká ìró nínú yàrá, ó gbọ́ kò kò kò. Kò mọ ohun tó jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn yẹn rí.

Àǹtí Ṣẹ̀fíátù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àjà. "Ìyàwó, àdìrẹ aláró yẹn, ṣé ó wà nílẹ̀? Mo ní ibì kan tí mò ń lọ."

Hameedah kúnlẹ̀. "Ó wà, Àǹtí mi. Láídé ló ń dúró dè. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òmíràn tó bá yín lára mu."

Ó ṣí wọ́dúróòbù rẹ̀, ó sì fa ìró àti bùbá òfì kan yọ láìwò ó, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Kó tó na án sí i, ó so páálí pélébé kan mọ́ ọrùn bùbá náà.

"Kí lèyí?"

"Nọ́ńbà ni, Àǹtí mi. Ọjọ́rú ni ẹ máa dá a padà."

Àǹtí Ṣẹ̀fíátù pòṣé, èyí tó gùn tó láti Abúlé Adó dé Mile 2. Ó gba aṣọ náà, ó yí padà, ó ń kùn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde sí títì ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, tí gbogbo èèyàn ń kí i pé òfì náà yẹ ẹ́, nọ́ńbà ṣì ń mì lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.